Kíkó ọ́fíìsì: Ẹ má tíì lu àga àtijọ́ ní gbàǹjo

Owó ilé, owó ajẹ́ǹtì àti owó àdéhùn ló ń gbọ́n àpò oníṣòwò tó bá fẹ́ kó ọ́fíìsì l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń lu àga àti tábìlì wọn ní gbàǹjo láti ra tuntun, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ń ta tuntun ti kúrò ní kèrémí látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023.

Tábìlì ìrókò tàbí ọ̀gànwó, bó ti wù kó gbó tó, káfíńtà á họ ọ́, á kùn ún, ó parí. Èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù ṣe ló yẹ kí wọ́n rọra gbé lódindi: tí wọ́n bá tú u palẹ̀, ojú ìṣó rẹ̀ kì í sábà di ṣinṣin mọ́, òjò ò sì gbọdọ̀ pa á. Nítorí náà, kí wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà ibi tuntun kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé.

Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń náni lówó jù. Ẹni tó bá kàn gé páìpù rẹ̀ ti tú gáàsì dànù nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ dá gáàsì padà sínú apá tó wà níta.

Pákó tí wọ́n fi pín yàrá ṣeé sọ di pẹpẹ fáìlì. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn, torí lójú àwọn onílé kan, ohun tí wọ́n bá ti kàn mọ́ ògiri, tiwọn ni.