Ta Ni Yóò Fi Ọ̀nà Hàn Wá Nínú Ilé?

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wà nínú ilé ńlá, tí kò rí ẹni tí ó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ní ìta, Lọ́kọ́ja kò ṣòro láti mọ̀. Òkè Patti wà lápá kan, odò Ọya wà lápá kejì, ìlú sì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, a kò rí òkè, a kò rí odò mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ jọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn jọ ilẹ̀kùn. Bí ó bá rí báyìí fún àwa tí a ríran, báwo ni yóò ti rí fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí kò ríran, tí ó ń wá gbọ̀ngàn ìdánwò, tí aago sì ń lọ?

Ìdí tí fóònù fi ń ṣìnà

Sátẹ́láìtì GPS, tí ó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè, ni fóònù fi ń mọ ibi tí a wà. Ó gbọ́dọ̀ gba àmì mẹ́rin, ó kéré tán. Kí àmì náà tó dé ilẹ̀, agbára rẹ̀ ti dínkù púpọ̀. Páànù àti kọnkéré a sì tún dí i lọ́nà. Àṣìṣe mítà márùn-ún kò ṣe nǹkan ní títì. Nínú ilé, yàrá ẹlòmíràn ni yóò mú wa wọ̀.

Ẹ̀rọ tí à ń wọ̀ sára

Àwọn onímọ̀ wá ronú pé ohun tí ojú kò lè ṣe, kí ara bá a ṣe é. Ní Yunifásítì Osnabrück ní Jámánì, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005 lórí ìgbànú tí wọ́n to ẹ̀rọ kéékèèké yí po. Èyí tí ó bá kọjú sí àríwá ni yóò máa gbọ̀n. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìgbànú kan fún àwọn afọ́jú ti jáde: ibi tí ó bá ti gbọ̀n ni kí ènìyàn yà sí. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí à ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Wọ́n ń rán ìró tí etí wa kò gbọ́ jáde, bí àdán ti ń ṣe; bí ó bá lu ògiri tí ó sì padà, ẹ̀rọ a gbọ̀n.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ìgbànú mọ àríwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin inú ilé lè ṣì í lọ́nà. Ti ọwọ́ mọ ògiri. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó mọ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ilé gan-an ni yóò sọ̀rọ̀

Ojú Chieko Asakawa, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì, fọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, síbẹ̀ ó di onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 2015, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM àti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà gbé NavCog jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ kéékèèké tí ń rán àmì Bluetooth sí káàkiri inú ilé. Fóònù a wo bí àmì kọ̀ọ̀kan ti lágbára tó, a fi wé àwòrán ilé tí ó wà nínú rẹ̀, a sì sọ ọ̀nà sí ni létí. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ti kọ́kọ́ wọn ilé náà kí ẹ̀rọ tó lè sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti di ibi tí abirùn lè wọ̀ láìsí ìṣòro. Ọdún náà ti pé ní 2024. Ẹ wo ilé tí ẹ ti ń kàwé: ǹjẹ́ nọ́ńbà wà lára ilẹ̀kùn, èyí tí ọwọ́ lè kà? Ǹjẹ́ àwòrán ilé náà wà níbì kankan?

Ẹgbẹ́ wa lè mú ilé kan ṣoṣo, kí a wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kí a ka àtẹ̀gùn rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Téèpù àti ìwé ni yóò ná wa. Bí a kò bá ṣe é, ìgbànú òkè òkun yóò kàn di ṣòkòtò mú ni. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.