Oúnjẹ Dín Kù, Ẹsẹ̀ Ń Rìn, Ara Kò Fúyẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ̀n, àwọn kan ti dín iyán kù, wọ́n ń rìn lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, síbẹ̀ wọn kò fúyẹ́. Ẹ má pè wọ́n ní wọ̀bìà.

Ẹ kọ́kọ́ wo inú ọbẹ̀. Ṣíbí ńlá epo kan ní nǹkan bíi kálórì 120. Ìrìn kíákíá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè má lò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹ ka míńrà àti àkàrà ìṣínu mọ́ ọn.

Bí ara bá sì ti fúyẹ́ díẹ̀, agbára tó ń lò yóò dín kù, ìwọ̀n á wá dúró lójú kan. Ẹ má tìtorí èyí febi pa ara yín.

Ṣùgbọ́n bí àárẹ̀ kò bá lọ, tí òtútù ń mú yín ju ẹlòmíràn lọ, tí nǹkan oṣù sì dàrú, ó lè jẹ́ pé thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, kò ṣiṣẹ́ tó. Oògùn bíi prednisolone àti insulin náà lè mú ni sanra. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì ra àgbo amárafúyẹ́ lọ́jà. Ẹ lọ bá dókítà, irú àwọn tó wà ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.