Ohun Tó Ń Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Òróró Ólífì: Oògùn Ni àbí Pàǹtí?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ là yé ara wa lọ́tẹ̀ yìí. Àwa tí à ń ta òróró, ìpara àti àgúnmu mọ̀ pé ọjà ólífì ti pọ̀ lórí àtẹ. Tẹ́lẹ̀, ìgò kékeré tí wọ́n fi ń gbàdúrà la mọ̀ jù. Nísinsìnyí, ewé ólífì wà nínú kápúsù, òróró kan wà tí wọ́n kọ "Pomace" sí lára, ìpara sì wà tí wọ́n ní ólífì ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń kó wọn wá á ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo jẹjẹrẹ. Oníbàárà á wá bi wá pé, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni?" Kí la máa dá a lóhùn? Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń tà ká tó la ẹnu.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FÚN UN

Ólífì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Sípéènì ló ń ṣe òróró rẹ̀ jù láyé. Ítálì, Gíríìsì, Túnísíà, Tọ́kì àti Mòrókò náà ń ṣe é. Èso rẹ̀ fẹ́ jọ ẹyìn ọ̀pẹ, ó ní ẹran lára, ó ní kóró nínú. Wọ́n á lọ̀ ọ́ tòun ti kóró, wọ́n á fi ẹ̀rọ pò ó, wọ́n á wá ya òróró sọ́tọ̀. Nínú 100 kílò èso, òróró tó ń jáde kì í sábà ju 20 kílò lọ. Èyí tó kù ńkọ́? Omi dúdú kíkorò kan ni, pẹ̀lú èérí tó ní awọ, ẹran èso àti kóró nínú. Ewé tó bá èso wọlé náà wà níbẹ̀.

Èyí kò ní ya àwa tí a mọ epo pupa lẹ́nu. Bí a bá fún epo tán, ìhá là ń fi dáná, èkùrọ́ là ń fi ṣe àdín, eérú ìdì ẹyìn sì ń bá wa ṣe ọṣẹ dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi kóró ólífì dáná lọ́dọ̀ tiwọn. Ní Túnísíà, òróró inú èérí yẹn ni wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ aláwọ̀ ewé. Ó ti lé ní 2,100 ọdún tí ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Cato ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ oko pé kí wọ́n po omi dúdú náà mọ́ nǹkan mìíràn, kí wọ́n fi pa àgùntàn lára kí ìfọ́n má baà mú un. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ OMI YẸN?

Èso ólífì korò. Ohun tó mú un korò ni igi náà fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Àwọn onímọ̀ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní polyphenol, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ólífì sì ni hydroxytyrosol. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gígùn dẹ́rù bà yín. Omi ló fẹ́ràn, kò fẹ́ràn òróró. Nígbà tí wọ́n bá ń fún un, nǹkan bí 2 nínú 100 péré ló ń bá òróró lọ, ìyókù ń bá omi àti èérí lọ. Ó dà bí omidùn orí ògì. Ẹni tí kò mọ̀ á dà á nù, ẹni tó mọ̀ á fi rẹ àgbo.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wa lè bàjẹ́, bí òróró tó pẹ́ nínú oòrùn ṣe ń yí òórùn padà. Ọ̀rá tó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á wá máa há. Polyphenol yìí ń dáàbò bo ọ̀rá náà. Ní 2011, àjọ tó ń yẹ oúnjẹ wò fún Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2012, òfin wọn gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò òróró ólífì, bí 20 gíráàmù òróró bá ní ó kéré tán 5 mílígíráàmù hydroxytyrosol àti àwọn ìbátan rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún oníbàárà pé 20 gíráàmù lóòjọ́ ni yóò máa jẹ. Ẹ wò ó dáadáa o. Pé ó ń dáàbò bo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọn ò gbà pé ó ń wo àrùn kankan.

Ewé ńkọ́? Ní 2011 kan náà, ìwádìí kan jáde láti Indonéṣíà. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò tíì le ni wọ́n kó jọ. Àwọn kan ń lo oje ewé ólífì, 500 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn kan ń lo oògùn òyìnbó tó ń jẹ́ captopril. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ti tọ̀tún tòsì wálẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìròyìn rere ni. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ 8 kì í ṣe ọdún 8. Dókítà ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ìwọ̀n oje ewé tí wọ́n lò sì dájú. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni kápúsù inú páálí tó wà lórí àtẹ rí?

IBI TÍ EWU WÀ

Omi dúdú yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun mímu. Bó bá ṣàn wọ odò, ó ń pa ẹja. Bó bá pọ̀ lórí ilẹ̀, irúgbìn kì í hù dáadáa níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ní láti yọ ohun tó dára jáde nínú rẹ̀.

Òróró "Pomace" ńkọ́? Inú èérí gbígbẹ ni wọ́n ti ń fi kẹ́míkà fà á jáde, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ mọ́. Ní oṣù Keje 2001, ìjọba Sípéènì ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ, torí wọ́n bá benzopyrene nínú rẹ̀, ohun tó lè fa jẹjẹrẹ. Iná tó pọ̀ jù tí wọ́n fi ń gbẹ èérí ló fà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi òfin dé iye tó lè wà nínú òróró. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa ṣeé dín nǹkan, kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n fífọ̀ ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú polyphenol rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tà á ní iye owó "Extra Virgin" ti rẹ́ oníbàárà jẹ.

Ní ti ìpara, bí ẹ bá rí "squalane" lára páálí, ó lè jẹ́ ti ólífì. Ẹ̀dọ̀ ẹja ekurá ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nísinsìnyí wọ́n ń yọ ọ́ nínú ohun tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ń fọ òróró ólífì mọ́. Ó ń mú awọ rọ̀, kì í bó ara. Àmọ́ ẹ ka ìyókù ohun tó wà nínú ìpara náà, torí ìpara tó ń bóra lè fi orúkọ ólífì bora.

OHUN TÍ A Ń RỌ ARA WA

1. Ká má sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé kó fi oògùn dókítà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó dá èèyàn dùbúlẹ̀. Oníbàárà tó bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú, èrè orí kápúsù kan kò lè gbé e dìde.

2. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó sọ fún dókítà kó tó fi ewé ólífì kún un, torí ẹ̀jẹ̀ tàbí ṣúgà lè wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

3. Nígbà tí Yúróòpù gba hydroxytyrosol tí ilé-iṣẹ́ ṣe láàyè nínú oúnjẹ ní 2017, wọ́n ní kí aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 má jẹ ẹ́. Ká rántí èyí.

4. Ká wo nọ́ńbà NAFDAC, ká sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà lára àgúnmu kò sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń wo àrùn. Ẹ ka lẹ́tà kéékèèké ara páálí, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀.

5. Ohun tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ká má gbà á lọ́wọ́ alágbàtà, bó ti wù kó pọ́n tó.

Bí oníbàárà bá wá bi wá, ìdáhùn rèé: "Ohun tó dára wà nínú ólífì, wọ́n sì ń ṣèwádìí rẹ̀ lọ. Ẹ lè fi kún oúnjẹ yín. Kì í ṣe àrọ́pò oògùn yín o." Ó lè rà á, ó lè má rà á, ṣùgbọ́n á padà wá.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kó má rí bẹ́ẹ̀ ní ọjà tiwa. Ẹni tó bá ní páálí tí kò yé e, kó mú un wá sí ìpàdé, a ó jọ kà á. Ọjà wa á máa tà, àlàáfíà oníbàárà wa ò ní yingin. Àṣẹ.