Ipa Ẹ́ńsáìmù PTP1B nínú Ìkọtí-ikún Ara sí Ínsúlíìnì

Ìfáárà
Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àìtó ínsúlíìnì nìkan ni ó ń fa àtọ̀gbẹ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn yìí, ínsúlíìnì lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ti kọtí ikún sí i. Bébà yìí ṣàlàyé ipa ẹ́ńsáìmù PTP1B nínú ọ̀ràn náà àti ìdí tí oògùn tí yóò dá a lẹ́kun fi ṣòro láti ṣe.

Iṣẹ́ PTP1B
Bí ínsúlíìnì bá dé ara sẹ́ẹ̀lì, olùgbà rẹ̀ yóò lẹ fọ́síféètì mọ́ ara rẹ̀. Àmì yìí ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì iṣan gba ṣúgà wọlé. PTP1B ni ó ń yọ fọ́síféètì náà kúrò kí àṣẹ má baà kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńsáìmù yìí bá pọ̀ jù, àmì náà yóò pa rẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ṣúgà yóò sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀rí àti ìṣòro
Ní ọdún 1988, Nicholas Tonks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yọ PTP1B láti inú ibi ọmọ. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McGill, Kánádà, fi hàn pé eku tí kò ní PTP1B ń gbọ́ràn sí ínsúlíìnì dáadáa, oúnjẹ ọlọ́ràá kò sì mú wọn sanra bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Èyí mú kí ìrètí oògùn tuntun sọjí. Àmọ́ PTP1B ní ẹ̀dà kan tí ó jọ ọ́ pẹ́kípẹ́kí, TCPTP, tí eku kò lè ṣe aláìní: èyí tí a bí láìní in ń kú láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 5. Oògùn tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì léwu. A dán ertiprotafib wò lára ènìyàn, ṣùgbọ́n a dá a dúró nítorí pé kò ṣiṣẹ́ tó, ó sì ń fa ìnira.

Ìkádìí
Títí di òní, kò sí oògùn adènà PTP1B tí a fọwọ́ sí fún àtọ̀gbẹ. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Kí aláìsàn má torí ìrètí yìí pa metformin tí dókítà kọ fún un tì. Kí ó sì máa ṣe eré ìdárayá, nítorí iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa gba ṣúgà wọlé láìdúró de àṣẹ ínsúlíìnì.