Ẹ Fi Iná Pamọ́ De Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá ń ṣe fàájì, ó yẹ kí á máa ríran. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ènìyàn wa tó wà ní Jos, Bukuru àti agbègbè wọn sọ lónìí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń wá tòkúnbọ̀ ló ti ń bèèrè ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná papọ̀. Èrò àwọn mìíràn ni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í mu epo. Irọ́ gbáà ni. Bí ẹni tó ń wà á bá ṣe mọ̀ ọ́n lò tó ni yóò ṣe mu epo mọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàrin wa ra BMW i8, ọkọ̀ asáré tí wọ́n ṣe ní ìlú Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, láti 2014 títí di 2020. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ, tọmọdé tàgbà ní ń dúró wò ó. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré, lítà 1.5, ló ń yí táyà ẹ̀yìn. Mọ́tò oníná ló ń yí táyà iwájú. Bí méjèèjì bá pawọ́ pọ̀, agbára wọn jẹ́ ti ẹṣin 362 nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

A bá a wọ ọkọ̀ náà lọ sí Abuja. Láti Rayfield ló ti tẹ bọ́tìnnì eDrive, kí àwọn ènìyàn lè rí ọkọ̀ tó ń lọ láìdún. Nígbà tí a bọ́ sójú títì ọlọ́nà jíjìn, kò yí i padà. Kí á tó dé Hawan Kibo, iná ti tán nínú bátìrì. Ìwọ̀nba tó rí kó jọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà kò tó nǹkan. Nígbà tí a dé Nyanya, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa. Ibẹ̀ gan-an ni iná ìbá ti wúlò, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni ti ná an tán fún àwọn òǹwòran Rayfield. Gbogbo ìgbà tí a bá sún díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń dìde, epo sì ń jó lásán.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Comfort ni ọkọ̀ náà máa ń wà bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tí yóò lò. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 2018, iná ló máa ń lò títí eré yóò fi tó bíi 60 kìlómítà ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì yóò wọlé. Èyí dára fún ọ̀nà tí kò dọ́gba.

Iná nìkan ni eDrive ń lò, eré rẹ̀ kò sì ju 120 lọ. Kìlómítà 37 ni wọ́n kà fún un nígbà ìdánwò, ṣùgbọ́n éésì, òkè àti ẹsẹ̀ wúwo ń dín in kù. Àárín ìlú ni ti ẹ̀.

Ní Sport, ẹ́ńjìnnì kì í sùn. Òun la fi ń gun òkè, òun la fi ń ya tírélà sílẹ̀. Ó tún máa ń yára kó iná padà sínú bátìrì. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé iná náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Epo tí ẹ rà ló di iná.

Eco Pro ní tirẹ̀ ń dín éésì kù, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ rọra dáhùn bí a bá tẹ iná. Ó wúlò bí epo bá ń lọ sílẹ̀, tí ilé epo sì jìnnà.

Nígbà tí à ń bọ̀, a gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà nímọ̀ràn. Ó fi ọkọ̀ sórí iná ní ilé tí a sùn sí. Ó fi eDrive la Nyanya kọjá, ẹ́ńjìnnì kò sì dìde rárá. Comfort ló lò dé Akwanga àti síwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí á dé Hawan Kibo, ó bọ́ sí Sport, ọkọ̀ gun òkè bí ẹni ń ṣeré. Nígbà tí a wọ Jos, iná ṣì wà tó gbé e dé ilé.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta kù. Àkọ́kọ́, ọkọ̀ tó ń lọ lórí iná kì í dún. Àwọn ọmọdé àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ní ọjà kò ní gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ rọra. Ẹ̀ẹ̀kejì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé bátìrì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá sì ń fi epo jẹ èrè tí ẹ ń wá. Bí iná ìjọba kò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó rà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, agbára bátìrì ńlá náà ju 300 fóltì lọ, ó lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí rẹ́wáyà tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kan àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ bátìrì náà wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ó máa lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ibòmíràn, ẹ ro gbogbo ìrìn àjò yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Ẹ béèrè ibi tí èrò pọ̀ sí àti ibi tí òkè wà, kí ẹ sì fi iná pamọ́ dè wọ́n. Owó tí ẹ bá rí fi pamọ́ lára epo, àwọn ará ilé ń retí rẹ̀. Ọ̀nà á là o.