Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú àpò ìrẹsì? Òfin àti ìwà rere ní bodè Yewa

Ìrẹsì láti Thailand tàbí Íńdíà gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu. Oníṣòwò tó ni ín san owó ibodè rẹ̀ fún ìjọba Benin, wọ́n já rìsíìtì fún un, ọjà rẹ̀ sì di ọjà tó bófin mu. Ó kó o wọ ọkọ̀, ó gba Àjàṣẹ́ kọjá, ó gba Pobè, títí ó fi dé agbègbè Kétu. Ọlọ́pàá tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà kò ní pè é lọ́daràn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kadà kan gbé ọ̀kan nínú àwọn àpò yẹn gba ọ̀nà inú igbó jáde sí ìhà Ìmẹ̀kọ tàbí Ọ̀húnbẹ́, ó ti di ẹrù òfin nìyẹn. Ìrẹsì náà kò yí padà. Ilẹ̀ tí táyà tẹ̀ ló yí padà.

Láti Ìdírókò dé Ìmẹ̀kọ, ní gbogbo ilẹ̀ Yewa níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti bá Benin pààlà, fàyàwọ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Òfin Nàìjíríà ní ọ̀ràn ni. Ọ̀pọ̀ ará bodè ní òwò ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ òfin káàkiri ayé ti ń fa irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn: ṣé gbogbo ohun tí òfin kà léèwọ̀ ló burú lóòótọ́, ṣé gbogbo ohun tó burú ló sì yẹ kí òfin dá sí?

Oríṣi méjì ni àwọn amòfin pín ẹ̀ṣẹ̀ sí. Ọ̀kan burú fúnra rẹ̀: ìpànìyàn, olè jíjà, ìfipábánilòpọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dúró de ìwé ìjọba kó tó mọ̀ pé kò dáa. Èkejì di ẹ̀ṣẹ̀ nítorí pé ìjọba sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Títí di ọdún 1972, apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń wa mọ́tò sí ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà, ẹni tó bá ṣì wà á sápá òsì ti rúfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń ṣe lánàá náà ló ń ṣe. Irú èyí ni àwọn àgbà ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé ìlú tí kò sófin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìrẹsì wà nínú oríṣi kejì yìí. Ní ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ sọ pé ìrẹsì òkèèrè kò gbọ́dọ̀ gba bodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Bó bá gba orí omi, tí ẹni tó kó o wá san owó ibodè tó yẹ, kò sí ìjà. Ìrẹsì tó gba èbúté Àpápá wọlé àti èyí tó gba igbó Ìmẹ̀kọ wọlé lè wá láti inú ọkọ̀ ojú omi kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ará ìlú bodè bí Ìlárá gbà pé ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ, tí èkejì sì jẹ́ ọ̀ràn, iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tó tún mú iṣẹ́ náà wúwo ni bí ààlà fúnra rẹ̀ ṣe dé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ní Paris. Wọ́n fa ìlà láti etí òkun gòkè lọ. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaró àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Aláketu kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi Ọlú Ìlaró léèrè. Àwọn mìíràn bá ara wọn níbi tí ilé wà lápá kan, tí oko wà lápá kejì, tí ojúbọ ìdílé sì wà níbi tí wọ́n ní kó máa jẹ́ ilẹ̀ àjèjì láti ọjọ́ náà lọ. Ìlárá tiẹ̀ wà títí di òní bí ìlú kan tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Èkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ohun tó tẹ̀lé èyí. Lápá Faransé, iṣẹ́ ipá wà, owó orí wà, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní sì ni wọ́n ń fi tipátipá kó ọ̀dọ́kùnrin sí iṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà lápá ibẹ̀ dìde sí Faransé láàárín ọdún 1914 sí 1916. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n di ẹrù ní òru, wọ́n kọjá sápá Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ dó síbẹ̀. Lójú òfin Faransé, arúfin ni gbogbo wọn. Ọmọ-ọmọ wọn wà ní agbègbè Ìmẹ̀kọ lónìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gbà kí ẹ pe bàbá àgbà òun ní ọ̀daràn. Ìran tó jẹ́ pé sísá kọjá ààlà ló gbà á là, ọwọ́ yẹpẹrẹ ló máa fi mú ìlà náà.

Irú òfin wo ló wá yẹ kí ènìyàn gbọ́ràn sí? Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Lon Fuller, tó ń kọ́ni ní Harvard, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1964 lórí ìwà rere tó yẹ kó wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò le rárá. Kí òfin tó lè bèèrè ìgbọràn lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, ó ní ohun tí òfin náà gbọ́dọ̀ ṣe fún un: kí wọ́n kéde rẹ̀, kó yé ènìyàn, kó má ta ko ara rẹ̀, kó má máa yí padà lójoojúmọ́, kó má padà sẹ́yìn lọ mú ẹni tó ti ṣe nǹkan kí òfin tó dé, kó má sì bèèrè ohun tí agbára ènìyàn kò ká. Èyí tó kẹ́yìn nínú ìlànà rẹ̀ ló ń dun ará bodè jù: kí òṣìṣẹ́ ìjọba náà máa tẹ̀lé òfin tó ń fi mú ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká gbé èyí sórí ìwọ̀n ní Yewa. Ní ọdún 1979, Nàìjíríà àti Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tó fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn láìsí físà, kó sì lò tó àádọ́rùn-ún ọjọ́. Nígbà tó di ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari ti bodè pa, ó sì di ọdún 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Buhari kan náà, tí kì í ṣe olórí ológun mọ́, tún tì í. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 wọ́n ṣí bodè mẹ́rin, Sẹ̀mẹ́ sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n Ìdírókò kò sí níbẹ̀; oṣù kẹrin ọdún 2022 ni tirẹ̀ tó dé. Ní gbogbo àkókò yẹn, òfin kan ní kí ará Ìdírókò máa bọ̀ kó máa lọ, àṣẹ mìíràn ní kó dúró síbi tó wà.

Ti bẹntiróòlù tún wá burú jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé ilé epo tó bá wà láàárín ogún kìlómítà sí bodè kò gbọ́dọ̀ gba epo mọ́. Wọ́n ní àwọn fàyàwọ́ ló ń kó epo náà sọdá, òótọ́ sì ni pé wọ́n ń kó o. Àmọ́ tíṣà tó ń gun ọ̀kadà lọ síléèwé, àgbẹ̀ tó ní ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́, alágbàfọ̀ tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló wà nínú ogún kìlómítà yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn jìnnà á ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ẹni tí òfin ń lé kiri. Àṣẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti gbógun ti fàyàwọ́ wá sọ ẹni tí kò ṣe fàyàwọ́ rí di oníbàárà rẹ̀.

Ní ti òfin tó ń padà sẹ́yìn, Nàìjíríà ní àpẹẹrẹ tó korò. Òfin ológun Nọ́ńbà 20 ti ọdún 1984 fi ikú ṣe ìjìyà fún ìṣòwò oògùn olóró, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan lórí epo rọ̀bì sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985 ni wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta lábẹ́ òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, fún ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn, ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tíì jẹ́ ikú nígbà tó dá a. Ariwo sọ lórílẹ̀-èdè. Àwọn tó pariwo kò sọ pé oògùn olóró dáa.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà. Ìwà tí gbogbo ìlú gbà pé ó burú lè wà kí òfin má sì lè fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1961, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè. Ilé ẹjọ́ gíga da ìdájọ́ náà nù, nítorí pé kò sí òfin kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ lápá ibí tó sọ pé ọ̀ràn ni. Ìlànà yẹn ṣì wà ní apá 36(12) nínú ìwé òfin ọdún 1999: a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn àyàfi bí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ti ṣàlàyé ọ̀ràn náà àti ìjìyà rẹ̀. Ní ìhà Àríwá, òfin Penal Code mú àgbèrè bí ọ̀ràn. Ohun tí ènìyàn ṣe ní Ìlaró tí ìdílé rẹ̀ nìkan lè bá a wí sí, ó lè gbé ẹlòmíràn dé ẹ̀wọ̀n níbòmíràn nínú orílẹ̀-èdè kan náà.

Ṣé ará bodè kò wá mọ rere yàtọ̀ sí búburú ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó ń kó ìrẹsì kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka òun mọ́ ẹni tó ń kó ìbọn tàbí igbó mímu. Òfin kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Ìlú tú wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìṣirò yẹn ní làákàyè nínú, ṣùgbọ́n kò pé. Ọ̀nà inú igbó tí ìrẹsì là sílẹ̀ ni ìbọn náà ń gbà.

Àwọn kan tún wà tí ìṣirò náà máa ń gbàgbé. Ẹ̀gùà, tí kò jìnnà sí Ayétòrò, jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Àgbẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, tó lé ẹyẹ títí ó fi kórè, tó wá san owó fún ẹni tó pa á àti ẹni tó fẹ́ ẹ, ìrẹsì Thailand ló máa bá lọ́jà ní owó tí kò lè bá dọ́gba. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé fàyàwọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára, àgbẹ̀ yẹn kì í sí nínú ìjókòó. Lápá Benin náà, níbi tí wọ́n ti ń ta bẹntiróòlù láti Nàìjíríà nínú ìgò létí títì, tí wọ́n ń pè é ní kpayo, iná sọ ní ilé tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí ní agbègbè Sèmè ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kú.

Ikú wà lápá Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìbọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti ba ẹni tí kò gbé ẹrù kankan, àwọn fàyàwọ́ náà sì ti pa òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò sí ìdílé tó máa gbà pé òfin ló pa ọmọ òun láre, yálà ọmọ náà wọ yúnífọ́ọ̀mù tàbí kò wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù bá gba owó kí ọkọ̀ mẹ́ta lè kọjá, tó wá mú ìkẹrin, kí ni ìwàásù tó kù tó lè ṣe fún awakọ̀ kẹrin?

Ohun tó dín fífi epo ṣe fàyàwọ́ kù lójijì kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe ìbọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Jálá kan tí kò tó igba náírà sáré gòkè tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èrè tó wà nínú kíkó o sọdá fò lọ. Ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni kò yí padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òfin bodè náà kò sì yí padà.

Ti oúnjẹ tẹ̀lé e. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí ebi ń pariwo, ìjọba àpapọ̀ kéde àádọ́jọ ọjọ́ tí àgbàdo, ẹ̀wà, ọkà wíìtì àti ìrẹsì tí wọn kò tíì bó tán lè wọlé láìsan owó ibodè, lórí omi àti lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ní ìrẹsì kò gbọ́dọ̀ gbà láti ọdún 2016 wá di ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ìlànà tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbé jáde ní oṣù tó tẹ̀lé e ní ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní náà gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, kó sì fi ẹ̀rí hàn pé ó ti san owó orí ọdún márààrún. Oníṣòwò ìrẹsì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó lè pa ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Kò sí ọlọ́kadà kan ní Ọ̀húnbẹ́ tó lè kọ orúkọ sílẹ̀.