Ìgbòkun Fífúyẹ́ fún Afẹ́fẹ́ Ẹ̀yìn

Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́ lẹ́lẹ́, ìgbòkun tí ọkọ̀ ń lò lójoojúmọ́ kì í tó. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun kékeré la òkun Àtìláńtíìkì kọjá láti erékùṣù Kánárì lọ sí Káríbíánì mọ èyí dájú. Spinnaker, ìgbòkun náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń wú bí ikùn, ni wọ́n ń ta síwájú ọkọ̀.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́, etí rẹ̀ méjèèjì gùn dọ́gba; ọ̀pá tí wọ́n fi ti òpó ọkọ̀ ló ń na igun rẹ̀ kan síta. Ti èkejì, etí tó kọjú sí afẹ́fẹ́ gùn ju ìkejì rẹ̀ lọ. Imú ọkọ̀ ni wọ́n ń so igun rẹ̀ mọ́, kò sì nílò ọ̀pá. Èyí ló rọrùn fún ọkọ̀ tí kò ju ẹni méjì lọ. Etí ni kí wọ́n fi wé etí. Àwọ̀ mèremère kò sọ nǹkan kan.

Títa rẹ̀ kò le tó kíká a. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn a máa tanni jẹ: bí ó bá ń fẹ́ ní ìwọ̀n máìlì orí òkun 18 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ sì ń sá 7 níwájú rẹ̀, 11 péré ni ara atukọ̀ ń gbọ́. Ẹni tó bá dúró kí ara rẹ̀ tó gbọ́ ọ ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ lè yí lójijì, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú omi. Kí afẹ́fẹ́ tó le ni atukọ̀ yóò ti darí ọkọ̀ títí ìgbòkun ńlá yóò fi ṣíji bo spinnaker. Bí ó bá ti rọ̀, wọn a fa àpò gígùn tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ bò ó láti òkè délẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ kalẹ̀.